Bí Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga àti Ará Ìlú Ti Í Pawọ́ Pọ̀ Dènà Ọtí àti Oògùn Olóró

Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó ti jáde kúrò nínú ọgbà yìí lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò tí kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọtí àti oògùn olóró kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà nìkan mọ́. Àtẹ páráàgà kì í jìnnà sí ibùdókọ̀, ibùdókọ̀ kì í sì í jìnnà sí ilé-ìwé. Ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n mọ orúkọ tramadol dáadáa ju bí ó ti mọ orúkọ àwọn odò ilẹ̀ wa lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá sì dé ojú ẹ̀ báyìí, àṣà tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí a pe ẹnì kan wá síwájú àwọn ọmọ ní òwúrọ̀, kí ó kìlọ̀ fún wọn, kí ó fi ìtàn wèrè àti ikú dẹ́rù bà wọ́n, kí a pàtẹ́wọ́ fún un, kí ó sì máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

A fẹ́ fi ìwé yìí ṣe àlàyé ìdí rẹ̀ tí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ nìkan kò fi tó. A ó sì ròyìn ohun tí àwọn ará ilẹ̀ kan ṣe nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé yunifásítì wọn àti àwọn òbí inú ìlú wọn jọ jókòó sídìí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tí wọn kò sì dìde kúrò níbẹ̀ fún ogún ọdún.

Kí a tó rìn jìnnà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilé. Láàrin ọdún 2017 sí 2018, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń ṣe ìṣirò fún ilẹ̀ Nàìjíríà, pẹ̀lú ilé ìwádìí tí à ń pè ní CRISA àti ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ó ń rí sí oògùn olóró, ṣe ìwádìí kan jákèjádò ilẹ̀ wa. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá ènìyàn 38,850 lẹ́nu wò nínú ilé wọn, wọ́n sì tún wá àwọn 9,344 kàn tí oògùn ti di bárakú fún. Ohun tí wọ́n rí ni pé, láàrin àwọn tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 15 sí 64, 14.3 mílíọ̀nù ènìyàn ni ó ti lo oògùn olóró ní ọdún kan tí ó ṣáájú ìwádìí náà. Wọn kò ka ọtí àti tábà mọ́ ọn rárá. Ẹnì kan nínú méje ni ìyẹn. Igbó ni ó gba iwájú, àwọn tí ó mu ún jẹ́ 10.6 mílíọ̀nù. Àwọn oògùn apàrora bíi tramadol, codeine àti irú wọn, tí a lò láìjẹ́ pé dókítà ni ó ní kí a lò ó, ni ó tẹ̀lé e, wọ́n jẹ́ 4.6 mílíọ̀nù. Nínú gbogbo ẹkùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ yìí, ẹkùn ti àwa Yorùbá ni ó burú jù: ènìyàn 22.4 nínú 100. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, ó tó 33 nínú 100.

Ìjọba kò káwọ́ gbera. Láti ọdún 1989 ni a ti dá àjọ NDLEA sílẹ̀ láti máa mú àwọn tí ń ta oògùn olóró, nígbà tí ó sì di oṣù Karùn-ún ọdún 2018, a fi òfin de pípo oògùn ikọ́ tí ó ní codeine nínú àti kíkó o wọ ilẹ̀ wa. Òfin dára, a kò ní sọ pé kí òfin má sí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a gba ìgò codeine lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọwọ́ kejì tí ó lè nà sí ohun mìíràn, ìdí tí ó fi ń nawọ́ náà sì ni ọlọ́pàá kò lè tọ̀ dé.

Ní ti ìkìlọ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà ti dán an wò ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní ọdún 1983, àwọn ọlọ́pàá ìlú Los Angeles bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní D.A.R.E. Ọlọ́pàá nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń wọ kíláàsì lọ láti kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n kọ oògùn olóró. Ètò náà tàn kálẹ̀ bí iná ọyẹ́, inú àwọn òbí dùn sí i, inú àwọn olùkọ́ dùn sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ tọ ipasẹ̀ àwọn ọmọ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí kò gbọ́ ẹ̀kọ́ náà rí, ìyàtọ̀ tí wọ́n rí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè pè é ní nǹkan. Kò sì yẹ kí ó ya àwa olùkọ́ lẹ́nu. Ọmọ tí ó ń mu sìgá mọ̀ pé sìgá kò dára. Kì í ṣe àìmọ̀ ni ó ń ṣe é.

Kí ni ó wá ń ṣe é? Ìbéèrè yìí ni àwọn ará Iceland bi ara wọn.

Iceland jẹ́ erékùṣù kan ní ìhà àríwá òkun Àtìláńtíìkì, ilẹ̀ yìnyín àti òkè tí ń yọ iná. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn kì í ràn níbẹ̀ ju bíi wákàtí mẹ́rin lọ lóòjọ́. Gbogbo àwọn ènìyàn rẹ̀ kò pé 400,000, èyí tí ó kéré púpọ̀ sí àwọn ará Ìbàdàn nìkan. A kò mẹ́nu kàn án nítorí pé ó jọ ilẹ̀ wa, nítorí kò jọ ọ́ rárá, bí kò ṣe nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Láàrin ọdún 1990 sí 1999, àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ náà wà lára àwọn tí ń mutí jù ní ilẹ̀ Yúróòpù. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú ní ọjọ́ Ẹtì, ìgboro Reykjavik tí í ṣe olú-ìlú wọn a kún fún àwọn ọmọ tí ọtí ń pa, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù a máa ba àgbàlagbà láti gba ibẹ̀ kọjá.

Ní ọdún 1992, wọ́n fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí gbogbo ilé-ìwé, kí gbogbo ọmọ ọdún 14, 15 àti 16 lè dáhùn. Ọmọ kankan kò kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1995 àti ní 1997. Àwọn ọ̀mọ̀wé nípa àwùjọ ènìyàn, àwọn bíi Þórólfur Þórlindsson ti Yunifásítì Iceland àti Inga Dóra Sigfúsdóttir, ni ó jókòó ti àwọn ìdáhùn náà. Ní ọdún 1998, nínú 100 ọmọ ọdún 15 sí 16, 42 ni ó wí pé ọtí ti pa àwọn láàrin oṣù kan tí ó kọjá. 23 ń mu sìgá lójoojúmọ́. 17 ti tọ́ igbó wò rí.

Bí ó bá jẹ́ pé iye àwọn tí ń mutí nìkan ni wọ́n kà, ìwádìí náà kì bá tí yàtọ̀ sí tiwa. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n tún yí ojú sí àwọn ọmọ tí kò mutí. Ilé kan náà, òpópónà kan náà, òtútù kan náà. Èéṣe tí ọmọ yìí ń mu tí èkejì rẹ̀ kò mu? Wọ́n bi àwọn ọmọ léèrè bí wọ́n ti ń lo ọjọ́ wọn: wákàtí mélòó ni o fi ń wà pẹ̀lú bàbá àti ìyá rẹ láàrin ọ̀sẹ̀? Ǹjẹ́ o wà nínú ẹgbẹ́ eléré kan? Agogo mélòó ni o wọlé ní alẹ́? Ǹjẹ́ olùkọ́ kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ jẹ lọ́kàn?

Nígbà tí wọ́n to ìdáhùn wọ̀nyí pọ̀, ọ̀rọ̀ náà hàn kedere. Ọmọ tí ó ń bá ẹgbẹ́ ṣeré ìdárayá tàbí tí ó ń kọ́ orin lábẹ́ olùkọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀, tí ó ń rí òbí rẹ̀ bá jókòó ní ọjọ́ iṣẹ́, tí ó mọ̀ pé wọ́n bìkítà fún òun ní ilé-ìwé, tí kì í sì í rìn kiri ní òru, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà mutí. Ẹ kíyèsí i pé kò sí ìwàásù kankan nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tí ó yí ọmọ ká ni wọ́n ń wí, kì í ṣe ohun tí a sọ sí i létí.

Àwọn ará Iceland ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí láti ẹnu ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Harvey Milkman. Ó ti ṣe ìwádìí ní New York ní àwọn ọdún 1970, ó sì ti rí i pé ohun tí ẹni tí ń lo oògùn ń wá ni ìyípadà nínú bí ara àti ọkàn rẹ̀ ti rí, yálà kí ìnira rọ̀ ọ́ ni tàbí kí ara rẹ̀ yá gágá. Ó ní, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a lè fún ọmọ ní ijó, orin, ìjàkadì àti iṣẹ́ ọnà, kí ó fi wọ́n dé ibi tí ó ń wá ọ̀nà dé. Ní ìlú Denver ó dá irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1992. Wọn kò sọ fún àwọn ọmọ pé ìtọ́jú ni wọ́n wá gbà. Wọ́n ní kí olúkúlùkù sọ ohun tí ó fẹ́ kọ́, àwọn yóò sì kọ́ ọ. Àwa tí a mọ ohun tí ìlù ń ṣe fún ọ̀dọ́ kò ní jiyàn pẹ̀lú rẹ̀.

Ní báyìí, kí ni ìlú ṣe sí ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ rí? Ìjọba ní tirẹ̀ rí sí i pé a kò ta tábà fún ẹni tí kò tó ọdún 18, a kò ta ọtí fún ẹni tí kò tó 20, a kò sì polówó èyíkéyìí nínú méjèèjì. Òfin kan tún wà pé ọmọ ọdún 13 sí 16 kò gbọdọ̀ dá wà níta lẹ́yìn agogo 10 alẹ́ ní ìgbà òtútù, àti lẹ́yìn agogo 12 òru ní ìgbà ooru tí oòrùn wọn kì í fẹ́ wọ̀. Ṣùgbọ́n òfin ìwọlé nìkan kọ́. Ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ òbí tirẹ̀. Àwọn òbí ọmọ kíláàsì kan a pàdé, wọn a fohùn ṣọ̀kan, wọn a sì buwọ́ lù ú: a kò ní ra ọtí fún ọmọ tí kò tíì dàgbà, a kò ní jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe àríyá nínú ilé tí àgbà kò sí, bí a bá rí ọmọ ẹlòmíràn níbi tí kò yẹ, a ó sọ fún òbí rẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí ìyá kan ṣoṣo tí ó ní kí ọmọ òun wọlé ní agogo 10 a máa gbọ́ pé, ‘Àwọn ẹgbẹ́ mi wà níta.’ Nígbà tí gbogbo ìyá bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àwáwí náà tán.

Ní òpin ọ̀sẹ̀, àwọn òbí a máa rìn yí àdúgbò ká ní alẹ́, bàbá àti ìyá lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Wọn kì í mú ẹnikẹ́ni, wọn kì í sì í lu ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń rìn kí a lè rí wọn ni.

Owó náà kò gbẹ́yìn. Bí a bá ní kí ọmọ kúrò ní ìgboro, a gbọ́dọ̀ fi ibi tí yóò lọ hàn án, ọ̀pọ̀ òbí ni kò sì lè san owó ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tàbí ti olùkọ́ orin. Nítorí èyí ni ìlú Reykjavik fi bẹ̀rẹ̀ sí fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé owó ní ọdún 2007, èyí tí òbí fi ń san irú owó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di nǹkan bí ọdún 2016, ó ti tó 35,000 owó krónur lọ́dún fún ọmọ kan. Wọn kò sì fi àwọn ọmọ lé ẹnikẹ́ni tí ó kàn mọ bọ́ọ̀lù gbá lọ́wọ́. Wọ́n kọ́ àwọn olùdarí eré níṣẹ́, wọ́n sì ń sanwó fún wọn bí ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́.

Ibi tí ó wù wá láti dúró pẹ́ sí jùlọ ni ìdí iṣẹ́ yunifásítì nínú gbogbo èyí, nítorí níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wa wà. Ní ilẹ̀ tiwa, bí ọ̀mọ̀wé bá wá sí ìlú láti béèrè ọ̀rọ̀, ó sábà máa ń jẹ́ pé bí ó ti kó ìdáhùn sínú àpò, ó dìgbà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìwé kan a jáde ní òkè òkun, ní èdè tí baálẹ̀ kò gbọ́. Àwọn ọmọ tí ó dáhùn ìbéèrè ti kúrò ní ilé-ìwé. Ní Iceland kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1999 wọ́n dá ilé ìwádìí kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí nìkan, tí ó ń bá Yunifásítì Reykjavik ṣiṣẹ́ pọ̀. Ìbéèrè náà ń lọ léraléra, bí oṣù méjì lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá sì ti dáhùn, ìròyìn a ti padà dé ọ̀dọ̀ ìlú. Kì í ṣe ìròyìn gbogbo orílẹ̀-èdè nìkan o. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí ìyẹn ń ṣe nínú ọkàn òbí. Bí a bá sọ fún bàbá kan ní Ilẹ̀-Olúji pé mílíọ̀nù mẹ́rìnlá ènìyàn ní Nàìjíríà ń lo oògùn olóró, yóò mi orí, yóò káàánú ilẹ̀ yìí, yóò sì rò pé àwọn ọmọ Èkó ni a ń sọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ bá dìde níwájú àwọn òbí, tí ó wí pé, ‘Nínú kíláàsì tí ẹ rán àwọn ọmọ yín sí yìí, iye báyìí ni ó sọ fúnra wọn pé àwọn ti mu páráàgà ní oṣù tí ó kọjá,’ kò sí ẹni tí yóò lè sọ pé ti òun kọ́. Kò mọ̀ bóyá ti òun ni. Àìmọ̀ yẹn ni ó ń lé e lọ sí ilé láti lọ jókòó ti ọmọ rẹ̀.

Síbẹ̀, ohun ẹlẹgẹ́ ni. Gbogbo rẹ̀ dúró lé ìlérí kan tí a ṣe fún ọmọ, pé orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò fi ìdáhùn rẹ̀ nà án. Bí olùkọ́ kan ṣoṣo bá rìn káàkiri láàrin àga nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́, tí ó ń yọjú wo ìwé, tàbí tí ó wo irú ọwọ́ ìkọ̀wé láti mọ ẹni tí ó ni ín, ní ọdún tí ó tẹ̀lé e gbogbo ọmọ ni yóò purọ́, iṣẹ́ ogún ọdún a sì bàjẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Àwọn ọ̀mọ̀wé náà ní ẹ̀wọ̀n tiwọn: wọn kì í pàṣẹ fún ìlú. Wọ́n gbé iye kalẹ̀, wọ́n fi hàn ohun tí ó ń dáàbò bo ọmọ àti ohun tí ó ń fà á lọ, ìlú ni ó sì ń yan ohun tí yóò ṣe.

Èso rẹ̀ rèé. Láàrin ọdún 1997 sí 2012, àwọn ọmọ ọdún 15 sí 16 tí ó wí pé àwọn sábà máa ń wà pẹ̀lú òbí àwọn ní ọjọ́ iṣẹ́ ti inú 23 nínú 100 di 46. Àwọn tí ń ṣe eré ìdárayá pẹ̀lú ẹgbẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin ó kéré tán lọ́sẹ̀ ti inú 24 di 42. Nígbà tí ó sì di ọdún 2016, àwọn tí ọtí pa láàrin oṣù kan ti ti inú 42 wá sí 5, àwọn tí ń mu sìgá lójoojúmọ́ ti ti inú 23 wá sí 3, àwọn tí ó ti tọ́ igbó wò sì ti ti inú 17 wá sí 7.

Àwọn kan ń jiyàn, ó sì tọ́ kí a gbọ́ tiwọn. Wọ́n ní ọtí mímu dínkù láàrin àwọn ọ̀dọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù mìíràn pẹ̀lú ní àkókò kan náà, láìsí irú ètò yìí. Wọ́n ní kò sí ìlú kan tí a fi sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn kí a lè fi wé àwọn yòókù, àti pé Iceland kéré, ó sì lówó. Òótọ́ ni. Ohun tuntun tún ń yọjú níbẹ̀ pẹ̀lú, bíi sìgá oníná àti ìdìpọ̀ nicotine tí à ń fi há ètè.

Fún ìdáhùn sí àwọn tí ó ní kò sí àfiwé, a lè wo àwọn ìgbèríko Iowa àti Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, yunifásítì ìpínlẹ̀ ti ní àwọn òṣìṣẹ́ tipẹ́ tí ń gbé láàrin àwọn àgbẹ̀, tí ń kọ́ wọn ní irúgbìn tuntun àti ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn. Nǹkan bí ọdún 2002, àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Iowa àti ti Penn State rò ó pé ọ̀nà tí irúgbìn ń gbà dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa ọmọ títọ́ lè gba ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ òbí. Wọ́n mú ìlú kéékèèké 28, wọ́n ṣẹ́ kèké. 14 gba ètò náà, tí wọ́n ń pè ní PROSPER, 14 kò gbà á. Ní ìlú kọ̀ọ̀kan tí ó gbà á, òṣìṣẹ́ yunifásítì, olùkọ́, òbí àti àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn di ìgbìmọ̀ kan. Fún alẹ́ méje, òbí àti ọmọ a wá: wákàtí àkọ́kọ́, àwọn òbí ní yàrá kan, àwọn ọmọ ní yàrá kejì, wákàtí kejì, gbogbo wọn pọ̀. Ìdílé tí ó wá kò ju bíi 17 nínú 100 lọ, ẹni tí ó bá ti pe ìpàdé òbí rí kò ní bínú sí wọn. Wọ́n fi ẹ̀kọ́ inú kíláàsì kún un fún gbogbo ọmọ. Títí àwọn ọmọ náà fi fẹ́ parí ilé-ìwé gíga, lílo oògùn olóró kéré ní ìlú 14 wọ̀nyẹn ju ti àwọn yòókù lọ, títí kan ṣíṣi oògùn apàrora lò, ohun tí ó ń jẹ wá níyà níhìn-ín.

Ẹnì kan lè wí pé òkè òkun ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Yorùbá ni ọ̀kan nínú àwọn ibi tí irú àjọṣe yìí ti kọ́kọ́ lókìkí. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, kò fi ilé ìwòsàn Aró mọ sí ibùsùn àti ògiri. Ó bá àwọn ará abúlé tí ó yí Aró ká sọ̀rọ̀, wọ́n gba àwọn aláìsàn ọpọlọ sínú ilé wọn. Ìbátan aláìsàn a bá a wá, a máa se oúnjẹ fún un. Ní òwúrọ̀ wọn a lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, ní ìrọ̀lẹ́ wọn a padà sáàrin ènìyàn. Àwọn ará abúlé ń gba owó ilé, wọ́n sì rí ìrànlọ́wọ́ gbà nípa omi àti lílé ẹ̀fọn. Láti ibẹ̀ ni Yunifásítì Cornell ti wá bá wọn ṣe ìwádìí ní 1961, Lambo fúnra rẹ̀ sì di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968. Bákan náà ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ dókítà lọ gbé ní Ìgbó-Ọrà ní Ìbàràpá láti ọdún 1963, kí wọ́n lè mọ àìsàn àwọn ènìyàn níbi tí àwọn ènìyàn ń gbé. Àjọṣe kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ wa.

Bí a bá ní kí a mú ti Iceland wá síbí gẹ́lẹ́, yóò fọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ mú ọ̀rọ̀ òfin ìwọlé. Ọmọ tí ó wà ní òpópónà ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ní ìlú wa lè máa kiri ẹ̀kọ tàbí omi fún ìyá rẹ̀. Bí a bá lé e wọlé, ebi ni a lé wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Ìyá tí ń ta páráàgà pẹ̀lú, ọmọ tirẹ̀ wà ní kíláàsì wa, owó páráàgà ni ó sì fi ń ra ìwé fún un. A kò lè fọwọ́ ti irú ìyá bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn ìpàdé. Òun ni ó mọ ẹni tí ń rà á àti wákàtí tí wọ́n ń rà á. Ìyálọ́jà, àwọn awakọ̀, baálẹ̀, àlùfáà àti lémọ́mù, gbogbo wọn ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀, ó sì yẹ kí ìbéèrè tí a ó bi àwọn ọmọ jẹ́ èyí tí a fi ojú ìlú wa kọ, ní èdè wa.

Ọ̀ràn kan tún wà tí ó kan àwa gan-an. Kí ni kí a ṣe sí ọmọ tí a bá tramadol lápò rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé yóò lé e lọ, a sì gbọ́ ọ tí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ń sọ pé ohun tí ó tọ́ nìyẹn, kí èyí tí ó rà má ba ba àwọn yòókù jẹ́. Èrò tiwa yàtọ̀. Nínú àwọn nǹkan tí ìwádìí Iceland fi hàn pé ó ń dáàbò bo ọmọ, kí ọmọ mọ̀ pé a bìkítà fún òun ní ilé-ìwé jẹ́ ọ̀kan. Ọmọ tí a lé ti pàdánù èyí, ó sì ti jèrè wákàtí méje lóòjọ́ ní ibùdókọ̀. Ìwádìí ọdún 2018 fi hàn pé ẹnì kan nínú márùn-ún àwọn tí ń lo oògùn olóró ni ó ti di àìsàn sí lára, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wá ìtọ́jú tí wọn kò rí. Ìyà lè wà. Kí ọmọ gé oko, kí a pe bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó wà nínú ilé-ìwé, kí a sì fi ẹni tí ó lè tọ́jú rẹ̀ hàn án.

A kò ní agbára láti dá ilé ìwádìí sílẹ̀. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa ni pé ní ọdọọdún, kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí ń tú wa ká sí àwọn ilé-ìwé fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Bí àwọn olùkọ́ wa bá bá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àwùjọ ní yunifásítì kan sọ̀rọ̀, kí wọ́n jọ kọ ìwé ìbéèrè ojú méjì tí kò ní àyè orúkọ, tí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé àti àwọn òbí sì fọwọ́ sí i, àwa ni a lè pín in, àwa ni a lè dì í mọ́ inú àpò ìwé láìwò ó, kí yunifásítì kà á, kí èsì sì padà dé ìpàdé òbí kí sáà tó parí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ lórí rẹ̀ kò ní láti mẹ́nu kan ọtí tàbí oògùn rárá: Ní agogo mẹ́jọ alẹ́ àná, níbo ni o wà, ta ni ó sì wà lọ́dọ̀ rẹ?